Ìbà Ni Kí A Kọ́kọ́ Ṣe: Ọ̀rọ̀ lórí Kóòdù Àyálò láàrin Àwọn Kọ̀ǹpútà Tí Ń Ta Ṣẹ́ẹ̀sì

Ẹni tí etí rẹ̀ bá ti gbọ́ ohùn àwọn onìjálá ilẹ̀ Yorùbá rí, pàápàá ohùn Ògúndáre Fọ́yánmu, àgbà onìjálá Ògbómọ̀ṣọ́, yóò ti ṣàkíyèsí pé onìjálá kì í ṣàdédé la ẹnu kí ó máa ki ẹranko tàbí kí ó máa ki orílẹ̀: ìbà ni ó kọ́kọ́ ń ṣe, ìbà Ògún, ìbà àgbà tí ó ti lọ, ìbà ọ̀gá tí ó kọ́ ọ níṣẹ́, lẹ́yìn náà ni oríkì tí ẹgbẹ̀rún ẹnu ti kì ṣáájú rẹ̀ yóò wá di tirẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní pè é ní olè.

Ìbà yìí ni mo fẹ́ gbé lọ sí ìdí ohun kan tí ó dà bí ẹni pé kò bá a tan rárá, èyíinì ni àwọn ètò kọ̀ǹpútà tí ń ta ṣẹ́ẹ̀sì. Iṣẹ́ méjì ni irú ètò bẹ́ẹ̀ ń ṣe: ó ń wo iwájú, bí ògbójú ọ̀tayò tí ń fi ọkàn ka ọmọ ayò láti ihò dé ihò kí ó tó nawọ́, ó sì ń díwọ̀n, láti mọ ẹni tí ojú ayò náà fì sí. Ibi ìdíwọ̀n ni ọgbọ́n ẹni tí ó kọ ọ́ ti máa ń hàn jù, ibẹ̀ náà sì ni ẹjọ́ ti ń ṣẹ́ yọ.

Ní ọdún 2005, Fabien Letouzey, ọmọ ilẹ̀ Faransé, tú kóòdù Fruit 2.1 sílẹ̀ fún gbogbo ayé lábẹ́ láísẹ́ǹsì GPL, tí ó ní kí ẹni tí ó bá fẹ́ kà á, kí ó lò ó, kí ó tún un ṣe, ṣùgbọ́n tí ó bá pín èyí tí ó tún ṣe fún ẹlòmíràn, kí ó ṣí kóòdù tirẹ̀ náà sílẹ̀ bí a ti ṣí ti Fruit fún un. Kí ọdún náà tó parí ni Rybka, iṣẹ́ ọwọ́ Vasik Rajlich, jáde, ó sì borí gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀. Láti 2007 títí di 2010, òun ni ó ń gba adé àgbáyé lọ́wọ́ ICGA, ẹgbẹ́ tí ń ṣètò ìdíje náà. Ní 2011, lẹ́yìn ìwádìí, ICGA gba adé wọ̀nyí padà, wọ́n sì lé Rajlich kúrò nínú ìdíje títí ayé: wọ́n ní ó mú nínú Fruit, ó mú nínú Crafty tí Robert Hyatt kọ, kò sì dárúkọ ẹnì kankan. Rajlich ní òun ka Fruit láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, òun sì rí ọ̀pọ̀ nǹkan mú níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ òun ni òun fi kọ kóòdù òun.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ sí Ọ̀yọ́ Aláàfin, lọ́dọ̀ àwọn tí ń fín igbá. Kò sí ẹni tí ó ni alángbá, kò sí ẹni tí ó ni ẹyẹ. Gbogbo wọn ni ó ń fín àwòrán wọ̀nyí sára igbá, ìdí nìyí tí ẹwà igbá méjì fi lè jọra láìjẹ́ pé ẹnì kan jí ti ẹnì kejì. Ṣùgbọ́n bí ọ̀bẹ bá yọ̀ níbi kan náà lára igbá méjì, ó di ọ̀rọ̀. Ohun tí àwọn olùwádìí ICGA tọ́ka sí nìyẹn, nígbà tí wọ́n ní àwọn bá kóòdù Crafty nínú ẹ̀dà Rybka àtijọ́ kan, títí kan èyí tí kò ní iṣẹ́ kankan tí ó ń ṣe níbẹ̀ mọ́. Ní tèmi, ẹ̀rí yìí wúwo jù ti Fruit lọ, nítorí ọ̀nà ọgbọ́n lè pàdé, ọ̀nà àṣìṣe kì í sábà pàdé. Síbẹ̀, mo bá ìgbìmọ̀ tí ń rí sí ìwà ọmọlúwàbí nínú FIDE, àjọ ṣẹ́ẹ̀sì àgbáyé, gbà, tí ó sọ ní 2015 pé lílé ènìyàn títí ayé kò tọ́.

Kí ni ẹ̀ṣẹ̀ náà gan-an? Yíyá kọ́. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè, òfin ICGA fúnra rẹ̀ sì gbà kí ènìyàn kọ́lé sórí ìpìlẹ̀ ẹlòmíràn, bí ó bá ti dárúkọ gbogbo ẹni tí ó lọ́wọ́ sí i. Ẹ wo Stockfish, tí ó lágbára ju gbogbo wọn lọ lónìí. Ní 2008, Marco Costalba ará Ítálì mú Glaurung, iṣẹ́ Tord Romstad ará Norway, ó tún un ṣe ní gbangba, ó sì sọ ọ́ ní orúkọ ẹja gbígbẹ Norway, pańla tí ìyá wa ń sè sọ́bẹ̀, nítorí pé Norway ni wọ́n ti mú un jáde, Ítálì ni wọ́n ti sè é. Inú orúkọ gan-an ni ìbà wà! Ní 2020 tí wọ́n sì mú ọ̀nà ìdíwọ̀n tuntun tí Yu Nasu ará Japan ṣe fún ayò shogi wọ inú rẹ̀, wọn kò fi orúkọ Nasu pamọ́.

Ìdí nìyí tí inú fi bí àwọn tí ń ṣe Stockfish ní 2021, nígbà tí ilé iṣẹ́ ChessBase ní Jámánì ń ta Fat Fritz 2, tí ó jẹ́ Stockfish tí a pààrọ̀ àkójọ òǹkà ìdíwọ̀n rẹ̀, bí ẹni ń ta ohun tuntun. Wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́. Ní 2022 ni wọ́n parí rẹ̀ pẹ̀lú àdéhùn: ChessBase yóò fi ọdún kan gbáko ṣíwọ́ títa ohun tí Stockfish wà nínú rẹ̀, yóò sì yan ẹni tí yóò máa ṣọ́ irú láísẹ́ǹsì bíi GPL.

Láìpẹ́ yìí, akẹ́kọ̀ọ́ kan láti àdúgbò Tákíè ní Ògbómọ̀ṣọ́ gbé ètò kan wá bá mi, tí ń ta ayò ọlọ́pọ́n lórí fóònù. Mo bi í pé ọwọ́ ta ni ó ti yá kóòdù rẹ̀. Kò jiyàn, kò sì tijú. Ó ṣí òkè kóòdù náà, mo sì ka orúkọ mẹ́ta kí n tó kan tirẹ̀.