Ẹ̀kọ́ Oyè Gíga Láìjẹ Gbèsè

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ ni ti ọmọ tí ó ti gba oyè àkọ́kọ́ ní Yunifásítì, tí ó ń fẹ́ gba èkejì tàbí ti ọ̀mọ̀wé, ṣùgbọ́n tí owó kò sí.

Ọ̀pọ̀ òbí ni ó ń ta ilẹ̀, tí wọ́n sì ń tọ olówó sógúndogójì lọ nítorí irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, dọ́là kan kò tó 500 náírà ní báńkì; kí oṣù kejì ọdún 2024 tó parí, ó ti kọjá 1,500. Ẹni tí ó ti san ìdajì owó ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí i pé ìdajì tí ó kù ti lé ní ìlọ́po mẹ́ta. Àwọn ọmọ Nàìjíríà kan pàdánù àyè wọn ní Yunifásítì lọ́hùn-ún ní ọdún náà nítorí pé wọn kò rí i san. Ilẹ̀ ti lọ, oyè kò dé, olówó sì ń bọ̀ wá gba owó rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni ó sì jẹ́ pé oyè tí ó ga jù ni ó sábà máa ń ní ẹni tí yóò san owó rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ Yunifásítì kì í gba owó ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó wá gba oyè ọ̀mọ̀wé, pàápàá nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Wọn a máa fún un ní owó oṣù, òun náà a sì máa ran olùkọ́ lọ́wọ́ tàbí kí ó ṣe iṣẹ́ ìwádìí, fún wákàtí tí kò ju 20 lọ lọ́sẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn kò tilẹ̀ bèèrè oyè kejì kí wọ́n tó gbà á. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń san gbogbo ìnáwó oyè kejì fún àwọn tí ó bá yege fún ẹ̀bùn Chevening, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1983. Ohun tí wọ́n ń bèèrè ni pé kí ènìyàn padà sí ìlú rẹ̀ fún ọdún 2. Èmi kò rí ohun tí ó burú nínú àdéhùn yẹn.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé òkè òkun nìkan ni. Àjọ TETFund, tí òfin fi lélẹ̀ ní 2011, ń rán àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìjọba lọ gba oyè kejì àti ti ọ̀mọ̀wé. Nítorí náà, ẹni tí ó bá kọ́kọ́ rí iṣẹ́ olùkọ́ gbà, bí irú ti Pólì wa tí ó wà níhìn-ín láti 1992, ti sún mọ́ ọ̀nà.

Owó tí ó ń dí àwọn ọmọ wa lọ́nà ni ti ìbẹ̀rẹ̀: ti ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì, ti ìwé èsì ẹ̀kọ́ tí Yunifásítì gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́, ti fọ́ọ̀mù, àti ti físà. Kò sí ẹlẹ́bùn tí í sábà san wọ́n ṣáájú. Ibẹ̀ ni ó yẹ kí ẹgbẹ́ ìlú ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ní 1938, ẹgbẹ́ àwọn Ìbíbíò dá owó jọ, wọ́n rán ọ̀dọ́ 6 lọ sí òkè òkun. Ní 1943, Ẹgbẹ́ Ọmọ Ọ̀fà dá Offa Grammar School sílẹ̀. Ìnáwó tí mo ń wí yìí kéré púpọ̀ sí ti ilé-ẹ̀kọ́ odindi.

Oṣù kẹjọ ni Chevening sábà máa ń ṣí ìlẹ̀kùn rẹ̀, ọ̀pọ̀ Yunifásítì Amẹ́ríkà sì máa ń ti tiwọn ní oṣù kejìlá. Kí ẹni tí ó bá ń fẹ́ lọ ní ọdún tí ń bọ̀ ti bèèrè ìwé èsì ẹ̀kọ́ rẹ̀ kí oṣù kẹfà tó tán.