Oòrùn Ràn ní Tokpa, Omi sì Kún

Ọ̀rọ̀ ọjà Dantokpa ní Kútọnù ni mo mú wá lónìí. Ẹ̀yin tí ẹ ń kó àgbàdo lọ síbẹ̀ láti Kétu àti Ṣakẹ́tẹ́ mọ ọjà náà dáadáa. Ẹni tí kò bá dé ibẹ̀ rí, kí ó rọra máa kà á bọ̀.

Etí ọ̀sà ni ọjà náà wà. Orúkọ rẹ̀ gan-an ló sọ bẹ́ẹ̀. Ní èdè Fọ̀n, tokpa ni etí omi. Dan ni ejò tí wọ́n ń bọ, òun náà ni àwa ń pè ní Òṣùmàrè. Ọdún 1963 ni wọ́n dá ọjà yìí sílẹ̀, nígbà tí orílẹ̀-èdè náà ṣì ń jẹ́ Dàhọ̀mì. Ọdún 1975 ni ó di Bẹ̀nẹ̀.

Ní ọdún kan, mo ní àpò àgbàdo méjìlá nínú àtíbàbà kan ní ìsàlẹ̀ ọjà, nítòsí ibi tí àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi láti Ganvié ń gúnlẹ̀ sí. Oṣù kẹwàá ni. Òjò kò rọ̀ ní Kútọnù fún ọjọ́ mẹ́rin. Oòrùn mú débi pé fìlà ni mo fi ń fẹ́ ara mi. Mo ní kò séwu. Mo to àpò mi sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo lọ sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, omi ti wọlé. Àpò mẹ́fà tó wà nísàlẹ̀ ti rin gbingbin. Kí n tó rí ibi sá àgbàdo náà sí, ó ti ń rùn. Owó ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ mi ló bá a lọ.

Ìyá àgbà kan tó ń ta gaàrí ní iwájú mi kò pàdánù ohunkóhun. Ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ni ó ti to pákó sórí búlọ́ọ̀kù, tí ó gbé gaàrí rẹ̀ lé e. Mo ní, "Ìyá, ẹ ò sọ fún mi?"

Ó ní, "Ọmọ mi, o ò bi mí. Mo rò pé ìwọ tí o mọ̀wé ti mọ̀."

Ó mú mi dé ìdí òpó àtíbàbà rẹ̀. Lọ́dọọdún ni ó ń fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà síbi tí omi dé. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan ni ó kọ ọjọ́ àti oṣù sí. Ẹ̀kọ́ àwọn àgbà ni ó ti mọ nọ́ńbà kọ. Ọwọ́ rẹ̀ wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n mo rí i kà: oṣù kẹsàn-án, oṣù kẹwàá, oṣù kẹwàá, oṣù kẹsàn-án. Kò sí oṣù kẹfà níbẹ̀ rárá. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, oṣù kẹfà ni òjò máa ń pọ̀ jù ní Kútọnù!

Níbo wá ni omi náà ti ń wá? Láti òkè ni. Odò Wémè ló ń gbé e bọ̀. Odò náà gùn tó nǹkan bí kìlómítà 500. Àríwá ni orísun rẹ̀ wà. Ìgbà òjò kan ṣoṣo ni wọ́n ní lọ́hùn-ún, oṣù kẹjọ àti oṣù kẹsàn-án ni ó sì máa ń le jù. Omi yìí á gba ẹ̀bá Ṣábẹ kọjá, á máa rọra bọ̀, títí á fi já sínú ọ̀sà Nokoué tó wà lẹ́yìn Kútọnù. Nígbà tó bá fi dé, ojú ọ̀run Kútọnù lè mọ́ kedere. Ní ọdún 2010, ìkún omi kan àwọn ènìyàn tó lé ní 600,000 ní Bẹ̀nẹ̀.

Ọdún 1885 ni àwọn Faransé la ọ̀nà omi tó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, kí omi ọ̀sà lè ráyè bọ́ sínú òkun. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé orúkọ ìlú náà ti wà kí wọ́n tó là á: Kútọnù, ẹnu ọ̀sà ikú. Ọ̀nà tí omi ń gbà jáde yìí náà ni iyọ̀ òkun ń gbà wọlé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn apẹja kì í tọ́ ọ wò kí wọ́n tó mọ̀. Bí koríko orí omi bá ti ń rọ, iyọ̀ ti dé nìyẹn.

Mo bi ìyá náà pé ta ló sọ fún un ní ọdún tí àgbàdo mi bàjẹ́. Ó ní ọmọ òun tó wà ní Ṣábẹ ló ránṣẹ́ pé odò ti kún dé ọrùn. Láti ìgbà náà, bí rédíò bá ti dárúkọ Djougou tàbí Ṣábẹ nínú ìròyìn òjò, mo máa ń dá òkèlè dúró. Mo máa ń kọ ọjọ́ náà sílẹ̀.

Ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ti sọ pé àwọn yóò kó ọjà náà kúrò létí ọ̀sà. Wọ́n ti kọ́ ọjà ńlá kan sí Akassato. Mo padà lọ kí ìyá náà, mo bi í pé òpó rẹ̀ ńkọ́. Ó rẹ́rìn-ín. Ó fa ìwé kékeré kan yọ lábẹ́ àpò gaàrí. Ó ti da gbogbo rẹ̀ kọ síbẹ̀, ọjọ́ àti oṣù, ọdún kan sí ojú ìwé kan.