Ààlà Kétu àti Àwọn Ọmọ Wa ní Yunifásítì

Ní 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé pín ilẹ̀ Kétu sí méjì. Kétu fúnra rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ Ìmẹ̀kọ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Aṣíwájú ti Yunifásítì Èkó, ẹni tó kọ ìwé lórí rẹ̀ ní 1976. Ó fi hàn pé nígbà tí Faransé ń fipá kó àwọn ọ̀dọ́ ṣe sójà, ṣe ni wọ́n ń sá kọjá ààlà wá sọ́dọ̀ ìbátan wọn.

Lónìí àwọn yunifásítì òyìnbó ń bá tiwa ṣe pàṣípààrọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ lórí irú ẹ̀kọ́ yìí. Ó dára, ṣùgbọ́n ta ló ń rí físà gbà? Àwọn ọmọ tiwọn ń wá, tiwa ń tò lẹ́nu ọ̀nà ẹ́mbásì. (Àwọn tó ti sú ló ń gba aginjù Líbíà.)

Bẹ́ẹ̀, àdéhùn ECOWAS ti 1979 fún wa ní 90 ọjọ́ ní Benin láìsí físà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ ọmọ yín: kí ló dé tí wọn kò rán wọn lọ sí Yunifásítì Abomey-Calavi, kí wọ́n gbọ́ Faransé, kí wọ́n sì fi Yorùbá bá àwọn ará Kétu sọ̀rọ̀?