Apá Tó Ń Wú Lẹ́yìn Ìtọ́jú Jẹjẹrẹ Ọmú

 

Ọ̀rọ̀ apá wíwú la gbé wá lónìí. Ọ̀kan nínú wa gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ ọmú. Nígbà tó yá, apá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ló bá ń fi ìborùn bò ó. Wọ́n ní iṣẹ́ ayé ni. Wọ́n sín gbẹ́rẹ́ sí i lápá. Kò pẹ́, apá gbóná, ó pọ́n, ibà dé. Ọpẹ́lọpẹ́ ọmọ rẹ̀ tó gbé e lọ sí ọsibítù.

Ẹ wo gọ́tà ọjà wa. Omi kan wà nínú ara tó yàtọ̀ sí ẹ̀jẹ̀, ó ní ọ̀nà tirẹ̀, àwọn kókó kéékèèké sì wà lábíyá tó ń sẹ́ ẹ. Bí wọ́n bá yọ kókó wọ̀nyí, tàbí tí wọ́n fi ìtànṣán wo ibẹ̀, gọ́tà lè dí. Ó lè ṣẹlẹ̀ láàárín oṣù díẹ̀, ó sì lè pẹ́ lọ́dún.

Wọ́n lè ya fọ́tò ọ̀nà omi náà. Wọ́n á gún abẹ́rẹ́ sáàárín ìka. Oògùn inú rẹ̀ ní ìtànṣán díẹ̀ tí kámẹ́rà ńlá kan ń rí. Bí ọ̀nà bá là, oògùn á gòkè dé abíyá. Bó bá dí, á tàn káàkiri abẹ́ awọ bí omi tó dà sílẹ̀. Kò sí ìbẹ̀rù: láàárín wákàtí 6, ìdajì ìtànṣán náà ti lọ. Ṣùgbọ́n aboyún àti ìyá ọlọ́mọ ọmú gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà. Irú kejì ń lo aró tí wọ́n ń pè ní indocyanine green. Òun ni oníṣẹ́ abẹ ń fi wá ojú ọ̀nà tó lè rán mọ́ iṣan ẹ̀jẹ̀.

A ò ní tàn yín o, kì í ṣe gbogbo ọsibítù ló ní in, gbogbo apá kọ́ ló sì nílò rẹ̀. Fọ́tò kì í wo apá sàn. Báńdéèjì tó fún apá dáadáa, ìfọwọ́ra lọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe, àti eré ìmárale ló ń dín in kù. Dókítà á sì kọ́kọ́ wò bóyá ẹ̀jẹ̀ dídì ni, tàbí jẹjẹrẹ náà ló padà. A ò ní kẹ́ ẹ má gbẹ́rù mọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa fi kún un. Ẹ̀yin ẹlẹ́ja, ẹ ṣọ́ra fún egungun ẹja.

Ẹ̀yin aláṣọ, tépù yín wúlò níbí. Ẹ wọn apá méjèèjì níbì kan náà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí èyí tí wọ́n tọ́jú bá fi sẹ̀ǹtímítà 2 ju èkejì lọ, ẹ lọ sí ọsibítù, ẹ má dúró de ọjọ́ ọjà mìíràn. Bó bá gbóná tó sì pọ́n, ọjọ́ náà gan-an ni.