Ta ló ń bọ̀ lónìí? Ọ̀rọ̀ lórí ìtọ́jú aláìsàn nínú ilé

  Ẹgbẹ́ ní kí a sọ̀rọ̀ lórí ìlera nínú kọmíìnì wa ní Kétu. A ò ní sọ ti ilé ìwòsàn lónìí, torí ẹnu ti pọ̀ lórí ìyẹn. Ti aláìsàn tí ilé ìwòsàn ti dá padà sílé la fẹ́ sọ.

Ìyá wa ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n ṣubú lágbàlá, ẹnu wọn wọ́, apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún ò gbéra mọ́. Ilé ìwòsàn sa ipá wọn, a dúpẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n ní ká máa gbé ìyá lọ sílé, pé infirmier yóò máa wá láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́: yóò wo tension, yóò tọ́jú rọ́bà tí ìtọ̀ ń gbà, yóò máa bá wọn na ẹsẹ̀. 2.000 sẹ́fà ni ìgbà kọ̀ọ̀kan. A gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹni àkọ́kọ́ mọṣẹ́, ó sì ní sùúrù. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fi gbé e lọ síbòmíràn. Ẹnì kan ò sọ fún wa. A jókòó, a ń wọ̀nà títí ilẹ̀ fi ṣú. Lọ́jọ́ kẹta, ẹnì kejì dé, ó bèèrè pé: "Kí ló ṣe màmá?" Ẹnì kẹta náà bèèrè bẹ́ẹ̀. Ẹnì kẹrin ò tiẹ̀ bèèrè. Apá tó ti kú ló dì mú, ó fi fa ìyá dìde. Ìyá ké.

Èèyàn mẹ́rin láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kò sí ìwé kan tí ẹni tó ń lọ kọ sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀. Lónìí 2.000, lọ́la 3.000 pẹ̀lú owó zemidjan, ìbọ̀wọ́ tún di tiwa. Bí a bá pè wọ́n, fóònù á dún títí, ẹnì kan ò ní gbé e. Àràárọ̀ ni ìyá ń fi ẹnu tó wúwo yẹn bi wá pé: "Ta ló ń bọ̀ lónìí?" A ò ní èsì.

Ìyàwó ilé wa ló rí egbò ní ìbàdí wọn nígbà tó ń wẹ̀ fún wọn. Nínú gbogbo àwọn tó ń gbowó, kò sẹ́ni tó yí ìyá wò. Agbẹ̀bí kan tó ti fẹ̀yìn tì ládùúgbò ló kọ́ wa pé ẹni tí kò lè yí ara rẹ̀ padà, wákàtí méjì méjì là ń yí i, tọ̀sán tòru. Ibi tó bá sì ti ń pọ́n, a ò gbọdọ̀ jẹ́ kó tún fi sùn, a ò sì gbọdọ̀ fọwọ́ ra á. Oṣù mẹ́ta gbáko ni egbò náà gbà kó tó jiná.

A lọ fẹjọ́ sùn. Ilé ìwòsàn ní ìyá ti kúrò lọ́wọ́ àwọn. Ibùdó ìlera ní àwọn kọ́ ló rán wọn. Àwọn tó ń wá ní ká lọ bi ẹni tó rán àwọn. Àwa tí a ti jókòó pẹ́ lẹ́yìn tábìlì ìjọba, tí à ń sọ fún ará oko pé "revenez demain", àwa náà wá mọ bó ṣe ń rí.

Ẹ̀yin àgbà, a ò sọ pé èèyàn burúkú ni wọ́n. Ọ̀nà jìn, aláìsàn pọ̀. Ohun tó dùn wá ni pé iṣẹ́ yìí ò ní ẹni tó ń dáhùn fún un.

Bẹ́ẹ̀ àga wa wà nílẹ̀. Láti ìgbà tí àwọn mínísítà ìlera Áfíríkà ti pàdé ní Bamako lọ́dún 1987 ni wọ́n ti fẹnu kò pé ará ìlú yóò máa san nínú owó oògùn, yóò sì máa jókòó nínú ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ibùdó ìlera. Òfin sì ti fi kíkọ́ àti àtúnṣe ibùdó ìlera arrondissement àti ti abúlé sábẹ́ kọmíìnì. Ọ̀rọ̀ aláìsàn inú ilé la ò tíì gbé dé iwájú wọn. Ohun mẹ́ta la fẹ́ kí ẹgbẹ́ bá wa bèèrè:

Èkíní, ìwé. Kí aláìsàn kọ̀ọ̀kan ní ìwé kan lẹ́bàá ibùsùn, kí ẹni tó bá wá kọ orúkọ rẹ̀, aago tó dé, àti ohun tó ṣe.

Èkejì, owó. Kí iye tí à ń san wà lára ògiri ibùdó ìlera, kí gbogbo èèyàn rí i.

Ẹ̀kẹta, ẹni tó ń dáhùn. Kí á mọ orúkọ ẹnì kan tí a lè bá bí olùtọ́jú ò bá wá.

Àwa náà ní tiwa. Ẹ̀yin ọmọ wa ní Cotonou, Èkó àti Libreville, a rí owó tí ẹ ń fi ránṣẹ́, ẹ ṣé. Ṣùgbọ́n owó kì í yí aláìsàn. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ẹ̀yin olórí àdúgbò, ẹ bá wa yan èèyàn méjì méjì kí àwọn tó mọṣẹ́ kọ́ wọn bí a ṣe ń yí aláìsàn, bí a ṣe ń gbé e.

Ìyá wa ṣì wà láyé. Láàárọ̀ yìí, kí a tó jáde, wọ́n tún bèèrè pé ta ló ń bọ̀. A ní àwa ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, àwa nìkan ò tó.