Ilé-Ìkàwé Tí Ń Dáhùn



Kókó ọ̀rọ̀ mi ni ọ̀nà tí ilé-ìkàwé yunifásítì ń gbà lo Facebook, WhatsApp àti irú wọn láti fa òǹkàwé mọ́ra. Ní ibi púpọ̀, wọ́n ti sọ wọ́n di pátákó ìkéde: ìwé tuntun dé, a ó ti ìlẹ̀kùn ní agogo mẹ́rin. Ìkéde dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìfọ̀rọ̀wérọ̀. Àwọn àgbà ní abéèrè kì í ṣìnà. Ṣùgbọ́n bí abéèrè kò bá rí ẹni dá a lóhùn ńkọ́?

Ẹ wo akẹ́kọ̀ọ́ tí ilé rẹ̀ wà ní etí omi níhìn-ín. Nígbà tí àrùn Kòrónà ti ilé-ẹ̀kọ́ pa ní ọdún 2020, àti nígbà tí ẹgbẹ́ ASUU daṣẹ́ sílẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ ní ọdún 2022, fóònù nìkan ni ó kù lọ́wọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Olùtọ́jú ilé-ìkàwé tí ó bá dá a lóhùn, tí ó sì tọ́ka ìwé ọ̀fẹ́ fún un, ti gbé ilé-ìkàwé wọ ọkọ̀ ojú omi tọ̀ ọ́ lọ.

Nítorí náà, mo dábàá ohun mẹ́ta. Èkíní, kí ẹnìkan pàtó máa dáhùn ìbéèrè lójoojúmọ́, ní kíkọ sílẹ̀, nítorí fídíò a máa jẹ dátà. Èkejì, kí a má gbẹ́kẹ̀ lé ìkànnì kan ṣoṣo. Láti oṣù kẹfà ọdún 2021 di oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fi òfin de Twitter ní Nàìjíríà. Ilé-ìkàwé tí kò ní ibòmíràn yóò yadi. Ẹ̀kẹta, kí àwa náà máa béèrè lọ́wọ́ òǹkàwé. Ní ọdún 1885, àwọn ará Jámánì bá Amapetu ti Mahin ṣe àdéhùn lórí ilẹ̀ yìí. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti fi í lé Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Bí ìtàn rẹ̀ bá ṣì wà lẹ́nu àwọn àgbà wa, kí ilé-ìkàwé fi ìbéèrè sórí WhatsApp, kí ọmọ kà á fún bàbá rẹ̀ àgbà, kí a yẹ ìdáhùn wò, kí a sì tọ́jú rẹ̀. Òkun tí ń jẹ ilẹ̀ Ayétòrò kò ní dúró dè wá.

Iye ènìyàn tí ń tẹ̀ lé ìkànnì wa kọ́ ni òṣùwọ̀n iṣẹ́ wa, bí kò ṣe iye ìbéèrè tí a dáhùn.