Ilé Ńlá Inú Oko Ìrèké



Ọ̀rọ̀ ilé kan ni a fẹ́ bá yín sọ. Ilé náà wà ní erékùṣù Kúbà, lẹ́bàá ìlú Trinidad, nínú àfonífojì tí ó jẹ́ kìkì oko ìrèké nígbà kan. Manaca Iznaga ni orúkọ oko náà. Ní 1795 ni Pedro Iznaga rà á. Ní nǹkan bí 1816, Alejo, ọmọ ilé Iznaga, kọ́ ilé ìṣọ́ kan sí ẹ̀gbẹ́ ilé ńlá náà. Alájà méje ni, gíga rẹ̀ sì tó mítà 45.

Kí ni wọ́n ń fi í ṣe? Orí rẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣọ́ àwọn ẹrú. Agogo ńlá sì wà níbẹ̀. Bí ó bá dún, ẹrú gbọ́dọ̀ dìde lọ sóko. Bí kò bá tíì dún, kò sí ẹni tí ó gbọ́dọ̀ padà sílé. Ìrèké kì í dúró de ènìyàn: bí a bá gé e tí a kò tètè fún un, omi rẹ̀ a kan. Nítorí náà, nígbà ìkórè, tọ̀sán tòru ni iṣẹ́. Àwọn tí ó ṣe é kò ní ìpín kankan nínú èrè ṣúgà. Onílé ńlá ni ó kó o.

Ọ̀rọ̀ náà kàn wá. Nígbà tí ogun tú Ọ̀yọ́ Ilé ká, ọ̀pọ̀ ènìyàn wa ni wọ́n kó lọ sí Kúbà. Lùkùmí ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀. Ní àwọn ìlú bíi Havana àti Matanzas, àwọn Lùkùmí dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, èyí tí àwọn ará Kúbà ń pè ní cabildo. Wọ́n ń dá owó jọ. Wọ́n fi ń tọ́jú aláìsàn, wọ́n fi ń sìnkú. Òfin ibẹ̀ sì gba ẹrú láyè láti san owó orí ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà mìíràn, owó ẹgbẹ́ ni wọ́n fi ra ọmọ ẹgbẹ́ kúrò lóko ẹrú.

Ní 1886 ni ìsìnrú parí ní Kúbà. Ní 1988, Àjọ UNESCO fi ìlú náà àti àfonífojì rẹ̀ sára àwọn ohun àjogúnbá gbogbo ayé. Ilé ńlá ti di ilé oúnjẹ fún àlejò. Agogo náà ti kúrò lókè; ilẹ̀ ni ó wà báyìí.

Ẹ̀yin ará, àwọn kan nínú wa kì í wá sípàdé àfi ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ yáwó. Wọ́n ń dáwó, wọn kò mọ bí owó ṣe ń lọ. Ẹni tí kò béèrè ìwé ìṣirò owó ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi agogo lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Àwọn tí kò ní nǹkan kan dá kọ́bọ̀ jọ, wọ́n fi ra ènìyàn. Àwa tí a ní òmìnira, ẹ jẹ́ kí a máa san owó wa lásìkò, kí a máa wá sípàdé, kí a sì máa yẹ ìwé wò. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.